Orí Kẹsàn-án: Jíjí Sáfà Tí Omi Wọ̀, Kí Àkọsílẹ̀ Inú Rẹ̀ Má Baà Ṣòfò

Orí yìí wà fún ẹni tí omi ti wọ ọ́fíìsì rẹ̀, tí omi náà ti fà, tó wá dúró níwájú sáfà tí ẹrẹ̀ bò. Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọ́fíìsì ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí. Ó lè jẹ́ ti ilé ìwé tí máàkì àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́wàá wá wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ilé ìwòsàn aládàáni, tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dá owó sí lóṣooṣù, tí kò sí ibòmíràn tí a ti lè mọ iye tí oníkálukú ní nínú àpò. Ẹ̀rọ náà ti gbó, wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, ẹni tó tò ó sílẹ̀ sì ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Àwa ará Ìbàdàn mọ omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo tún ṣọṣẹ́ káàkiri ìlú, omi sì ya wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ayé Ògùnpa, bébà ni omi ń bà jẹ́ nínú ọ́fíìsì. Bébà tó tutù, a lè sá a, kí a tún kà á. Díìsìkì kọ̀ǹpútà kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú bébà, ọwọ́ wa ni yóò kú sí.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jálẹ̀ orí yìí: àkọsílẹ̀ inú sáfà ni à ń gbà là, a kò gba ẹ̀rọ náà là. Kò ní láti pẹ́ láyé mọ́; wákàtí díẹ̀ tí a ó fi ṣe ẹ̀dà ohun inú rẹ̀ ti tó. Nígbà mìíràn, a kò ní tan ẹ̀rọ náà rárá. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní sáré tẹ bọ́tìnnì.

Ìbéèrè méjì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà wà níbòmíràn. Ẹ bi akọ̀wé, ẹ bi akápò, ẹ bi ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò owó yín lọ́dọọdún. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ méjì jìjàdù lórí ẹ̀rọ tó kún fún ẹrẹ̀, tí ohun tí wọ́n ń wá sì wà nínú í-meèlì olùṣirò owó wọn látoṣù méjì sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí rìsíìtì oṣù mẹ́ta yìí kò sì bá omi lọ, ó ṣeé ṣe kí jíjókòó tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà tuntun yá ju gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú orí yìí lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí omi ga dé. Omi máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára ògiri. Ẹ ya fọ́tò ìlà yẹn pẹ̀lú sáfà níbi tó wà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e. Bí ìlà náà bá wà nísàlẹ̀ ibi tí àwọn díìsìkì wà, ọ̀nà yín yá. Bó bá ga jù wọ́n lọ, ẹ ka ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ohun èlò

Fún ara yín: bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, ìbomú, tọ́ọ̀ṣì, àti mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń yẹ iná wò.

Fún títú ẹ̀rọ: sukudiráfà onísítà, àti irú èyí tí wọ́n ń pè ní Torx, T10 àti T15, nítorí ọ̀pọ̀ sáfà kì í lo sukúrù ojoojúmọ́. Ẹ wá ìdè ọwọ́ tó ń kó iná ara lọ sínú ilẹ̀. Ẹ wá téèpù bébà, máákà tí omi kì í pa rẹ́, ọ̀rá tó ṣeé tì lẹ́nu, àti ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe sí.

Fún fífọ̀ ọ́: búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ọtí isopropyl tó jẹ́ 99 nínú ọgọ́rùn-ún, àti omi dístíìlì, èyí tí àwọn oníbátìrì mọ́tò ń tà. Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ bá ti rà á. Oníbátìrì kan náà ló ń ta ásíìdì, ó sì lè wà nínú irú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Ẹ ka ara kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi kẹrosíìnì, pẹtiróòlù tàbí ohun ìpara tí a fi ń pa kòkòrò ọwọ́ rọ́pò ọtí yìí.

Fún ṣíṣe ẹ̀dà: kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ le, díìsìkì òfìfo tó tóbi ju gbogbo díìsìkì inú sáfà papọ̀ lọ, flash drive tí ẹ ti gbé SystemRescue sí (ọ̀fẹ́ ni, Linux ni, ddrescue àti TestDisk sì ti wà nínú rẹ̀), UPS tí bátìrì rẹ̀ kò tíì kú, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 méjì, àti wáyà tí ẹ ó fi so díìsìkì àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Kí ẹ tó ra wáyà yìí, ẹ wo ẹnu díìsìkì náà dáadáa. Ẹnu SATA pín sí apá méjì, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ẹnu SAS jọ ọ́, ṣùgbọ́n àlàfo náà dí. Wáyà SATA tí wọ́n ń tà lọ́jà kọ̀ǹpútà kò lè wọ díìsìkì SAS. Káàdì SAS ni ẹ nílò nínú kọ̀ǹpútà tuntun, tàbí kí ẹ padà lo sáfà àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ìdí kan pàtàkì tí a fi ń jí sáfà àtijọ́ nìyẹn: òun nìkan ló mọ bí a ṣe ń bá díìsìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pa gbogbo iná

Iná ilé wa kì í ti ojú kan wá. NEPA wà, jẹnẹrétọ̀ wà, ínfátà wà, sólà wà, UPS sì wà lábẹ́ tábìlì. Pé NEPA ti mú iná lọ kò túmọ̀ sí pé yàrá náà kò ní iná. Páánẹ́ẹ̀lì sólà ń mú iná wá níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ràn, yálà ẹnì kan ń lò ó tàbí kò sí. Iná ínfátà lè pa ènìyàn nínú omi. Bí omi bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ má fẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ síbi swíìṣì. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó gé e láti ìta.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé omi yìí ti gba inú ṣáláńgá àti gọ́tà kọjá. Ẹ má jẹun níbẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ nu ojú. Ẹni tí irin bá gé lára kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kò sí àkọsílẹ̀ tó tó ẹ̀mí ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má tan án

Ilé ìwé kan pè mí lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Omi ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà wọn lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó di ọjọ́rú, tìṣà tó ń bójú tó yàrá náà gbé sáfà sórí tábìlì, ó fi aṣọ nù ún gbẹ, ó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Iná wá, fáànù yí, inú gbogbo wọn dùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Díìsìkì mẹ́ta ló wà nínú sáfà yẹn, wọ́n sì tò wọ́n débi pé bí ẹyọ kan bá kú, a ṣì lè rí gbogbo nǹkan kó. Méjì ló jó. Omi kò pa ọ̀kankan nínú wọn; ara wọn ṣì le títí di ìgbà tí iná dé ara wọn.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Omi àkúnya ní iyọ̀ àti ẹrẹ̀ nínú, iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ojú kan sí ojú mìíràn tí kò yẹ kí wọ́n pàdé. Ìta ẹ̀rọ lè ti gbẹ, kí omi ṣì wà lábẹ́ àwọn nǹkan tí wọ́n jó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù. Ti díìsìkì tún burú jù. Àwo tó wà nínú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ti sáfà mìíràn sì ń yí ní ìgbà 10,000 tàbí 15,000. Orí tó ń ka àwo náà ń fò lókè rẹ̀ ní àlàfo tó kéré gan-an ju sísanra irun orí lọ. Díìsìkì wọ̀nyí sì ní ihò kékeré tí wọ́n fi ń mí, èyí tí omi ẹlẹ́rẹ̀ lè gbà wọlé. Ẹyọ iyanrìn kan ti tó láti ha àwo náà, ibi tó bá sì ha ti lọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sàmì, kí ẹ yọ díìsìkì

Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn sáfà, àti gbogbo wáyà. Ẹ wá lẹ téèpù mọ́ díìsìkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà ihò tó wà sí i lára. Lára ọ̀pọ̀ sáfà, òdo ni ìkíní, kì í ṣe oókan. Ohun tí wọ́n kọ sára ihò ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pẹ̀lú, kí ẹ sì da nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara díìsìkì kọ. Téèpù lè ṣí, ìwé kò ní ṣí. Iṣẹ́ yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwọn ènìyàn sì máa ń fò ó; nígbà tí a bá dé ìgbésẹ̀ kẹjọ, ẹ ó rí ohun tó ń ná ẹni tó bá fò ó.

Bí omi kò bá dé ara díìsìkì, ẹ fi í sínú ọ̀rá gbígbẹ, kí ẹ gbé e síbi tí kò gbóná. Bí omi bá ti bò ó, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Mo mọ̀ pé èyí yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ àwo inú díìsìkì le ju ẹrẹ̀ tútù lọ láti yọ. Ẹ rẹ aṣọ ìnura kékeré sínú omi dístíìlì, ẹ fún un, ẹ fi wé díìsìkì náà, ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀. Ẹ má gbé e sínú fìríìjì tó ń di yìnyín. Ẹ má rì í sínú ìrẹsì. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ má sì tú ìdérí rẹ̀, àní bí ẹnì kan bá ní òun ti rí fídíò tí wọ́n ti tú u.

Díìsìkì tí wọ́n ń pè ní SSD yàtọ̀. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà nínú sáfà yín, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì gbẹ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ní ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pinnu ẹni tí yóò ṣe é

Ibí yìí ni ọgbọ́n wà. Díìsìkì tí omi kò dé, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Díìsìkì tí omi bò mọ́lẹ̀, bí ohun inú rẹ̀ bá jẹ́ owó àwọn ènìyàn tàbí ìwé ìtọ́jú aláìsàn, tí kò sì sí ẹ̀dà mìíràn, ẹ fún àwọn tó ní yàrá tí erùpẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun nìyẹn. Owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e lé wọn lọ́wọ́ pé, ṣé wọn óò gba owó bí wọn kò bá rí nǹkan kan kó? Ṣé wọn óò dá díìsìkì náà padà? Ẹni tó bá ní òun yóò tú díìsìkì lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù tí fẹ́rẹ́sẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ gba díìsìkì yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ẹ má sì tètè sọ̀rètí nù. Nígbà tí Columbia, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọ́ sójú ọ̀run ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2003, díìsìkì kan jábọ́ láti inú rẹ̀. Oṣù bíi mẹ́fà ni díìsìkì náà fi wà nílẹ̀ ní Texas kí wọ́n tó rí i. Ó jó, rọ́bà tó dí i lẹ́nu yọ́, erùpẹ̀ sì wọ inú rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà rí nǹkan bíi 99 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú rẹ̀ kó. 

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fífọ ẹ̀rọ náà

Bí ẹ bá lè so àwọn díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tààrà, ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí àti ìkẹfà. Ẹ má jí òkú tí ẹ kò nílò.

Bó bá pọn dandan, ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ orí mọ́dábọ́ọ̀dù kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ yọ bátìrì káàdì RAID náà bó bá ní (káàdì tó ń da àwọn díìsìkì sáfà pọ̀; a ó sọ nípa rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹjọ). Bí ara rẹ̀ bá wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e sí gbangba jìnnà sí ilé, nítorí ó lè gbiná. Ẹ yọ RAM, àwọn káàdì, fáànù àti power supply. Ẹ má tú inú power supply láé. Kápásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń pa iná mọ́ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára ògiri, ó sì lè gbá ènìyàn ṣubú. Èyí tí omi bá wọ̀, ẹ wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Power supply alòkù tó bá irú sáfà yín mu kì í ṣòro rí ní ọjà kọ̀ǹpútà. Orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ ni kí ẹ mú dání lọ.

Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a jẹ́jẹ́. Ẹ wá fi omi dístíìlì ṣan án, kí iyọ̀ omi ẹ̀rọ má baà ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹ fi ọtí ṣan án gbẹ̀yìn: ọtí ń lé omi jáde lábẹ́ ohun tí ọwọ́ kò dé, ó sì ń gbẹ kíá. Ẹ ṣe èyí níta gbangba. Sìgá, sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nítòsí, nítorí afẹ́fẹ́ ọtí yìí ń gbiná. Ẹ wá gbé e síbi tí fáànù ti ń fẹ́ sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Ní àsìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ márùn-ún. Oòrùn ọ̀sán gangan àti ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun máa ń yọ́ rọ́bà, wọ́n sì máa ń tẹ pátákó ẹ̀rọ. Sùúrù ló ń gbẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: títàn án fún ìgbà àkọ́kọ́

Kò gbọdọ̀ sí díìsìkì kankan nínú rẹ̀. Ẹ wo àwọn kápásítọ̀ orí mọ́dábọ́ọ̀dù: èyí tí orí rẹ̀ bá wú tàbí tó ń sun omi pupa ti kú, ẹ̀rọ náà kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ fi bátìrì CR2032 tuntun sí i. Ẹ so sáfà mọ́ UPS, kí UPS gba iná látara stabilizer. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ náà máa ń pa díìsìkì ní ìlú wa. Kí ẹnì kan dúró ti swíìṣì, kí ike iyanrìn gbígbẹ tàbí ohun ìpaná tó wà fún iná mànàmáná wà nítòsí. Omi kọ́ ni a fi ń pa irú iná yìí.

Ẹ tàn án. Bí ẹ bá rí èéfín tàbí gbọ́ òórùn, ẹ pa á láìwo ẹ̀yìn. Bí ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀, ẹ wọ ibi ìtò rẹ̀ (BIOS), ẹ tún ọjọ́ àti aago rẹ̀ ṣe, nítorí sáfà tí bátìrì rẹ̀ ti kú máa ń padà sí ọjọ́ tí wọ́n ti gbàgbé. Ẹ tún wò ó bóyá ibi tí wọ́n ti tò ó sí RAID ṣì wà bẹ́ẹ̀. Bátìrì tó bá kú lè dá a padà sí ìtò mìíràn, bíi AHCI tàbí IDE, àwọn díìsìkì yóò sì fojú hàn bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú wọn. Ẹ jẹ́ kó tàn fún wákàtí kan. Bí kò bá kú, tí kò gbóná jù, ẹ pa á, kí ẹ tó kan díìsìkì.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀dà

Ẹ má jẹ́ kí Windows tàbí ètò inú sáfà náà fúnra rẹ̀ tàn. Ètò tó bá tàn yóò kọ nǹkan sórí díìsìkì, díìsìkì tó ń ṣàárẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gba ìkọ̀wé. Flash drive SystemRescue ni kí ẹ fi tan ẹ̀rọ. Díìsìkì kan ṣoṣo ni kí ẹ so lẹ́ẹ̀kan. Bí Windows bá wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò, tó sì béèrè bóyá kí òun *format* díìsìkì náà, “Cancel” ni ìdáhùn, ní gbogbo ìgbà.

Ẹ fi lsblk wo orúkọ díìsìkì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi bó ṣe tóbi tó dá a mọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a gbà pé èyí àtijọ́ ni /dev/sdb, tí ẹ sì ti ṣí díìsìkì òfìfo sí /mnt/tuntun:

ddrescue -d -n /dev/sdb /mnt/tuntun/iho0.img /mnt/tuntun/iho0.map

Èyí àtijọ́ ló ń ṣíwájú, ibi tí ẹ̀dà ń lọ ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ ka ìlà náà sókè kí ẹ tó tẹ Enter. Àmì -n ní kí ddrescue kó gbogbo ohun tó rọrùn kọ́kọ́, kó fo ibi tó ti bàjẹ́. Fáìlì .map ni ìwé ìrántí rẹ̀: bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ìlà kan náà yẹn ni ẹ ó tún tẹ̀, yóò sì tẹ̀ síwájú níbi tó dúró sí. Ẹ má pa fáìlì náà rẹ́. Nígbà tó bá parí, ẹ padà síbi tó le:

ddrescue -d -r3 /dev/sdb /mnt/tuntun/iho0.img /mnt/tuntun/iho0.map

Díìsìkì 1 TB tí ara rẹ̀ le, tó ń kó 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ wáyà USB 2.0 ni ẹ fi so ó, ẹ ka wákàtí mẹ́sàn-án. Èyí tó ti bàjẹ́ lè gba ọjọ́. Ẹ máa tẹ́tí sí i. Bó bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, orí rẹ̀ ti ń lu ibi tí kò yẹ. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹni tó bá ń tún un tàn “lẹ́ẹ̀kan sí i péré” ni kì í rí nǹkan kan kó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí díìsìkì bá ju ẹyọ kan lọ

Ọ̀pọ̀ sáfà ń da díìsìkì wọn pọ̀ nípa RAID. RAID 1 ń kọ ohun kan náà sórí díìsìkì méjì, nítorí náà ẹ̀dà ẹyọ kan lè tó yín. RAID 5 pín àkọsílẹ̀ káàkiri díìsìkì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè fara da ikú ẹyọ kan. RAID 6 lè fara da ikú méjì. Nínú méjèèjì yìí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì. Ibí ni téèpù ìgbésẹ̀ kẹta ti ń sanwó. Láìsí i, díìsìkì mẹ́rin ní ọ̀nà mẹ́rìnlélógún tí a lè gbà tò wọ́n, ẹyọ kan ló sì tọ́.

Bó bá jẹ́ pé sáfà àtijọ́ nìkan ló lè kà wọ́n pọ̀, ẹ da díìsìkì padà sí ihò oníkálukú lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìyànjú àtiṣe ẹ̀dà wọn. Káàdì RAID lè sọ pé òun rí “foreign configuration”. “Import” ni ẹ ó yàn. Bí ẹ bá rí “Initialize”, “Clear” tàbí “Create”, ẹ má tẹ̀ ẹ́, bó ti wù kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa kán yín lójú tó. Bó bá jẹ́ Linux ló tò wọ́n, orí àwọn ẹ̀dà ni kí ẹ ti lo mdadm --assemble --readonly. Ẹ má lo --create.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà pàápàá ń ṣe. Nínú sáfà àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí díìsìkì kan ti kú láti ọdún kan sẹ́yìn, kí iná pupa máa jó lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bìkítà. Lẹ́yìn omi, ó lè jẹ́ òun ni yóò jí. Àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dà á mọ́ àwọn yòókù, yóò ba ohun gbogbo jẹ́. Ẹ fi mdadm --examine wo “Update Time” díìsìkì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ jìnnà sí ti àwọn yòókù, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́: iná wo ló ti ń jó lára ẹ̀rọ yìí kó tó di pé omi dé?

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ṣíṣí i wò

Ẹ ṣe ẹ̀dà ti ẹ̀dà náà kí ẹ tó ṣí i. Bó bá jẹ́ ext4 ti Linux, ẹ fi ro,noload ṣí i, nítorí ro nìkan kò dá a dúró kó má tún ìwé rẹ̀ kọ. Bí kò bá ṣí, TestDisk lè rí ibi tí ìpín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. PhotoRec ni ọ̀nà ìkẹyìn: ó ń yọ fáìlì jáde láìsí orúkọ, ẹni tó bá sì ti to ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì aláìlórúkọ rí mọ̀ pé iṣẹ́ oṣù ni. Ẹ má fi CHKDSK tàbí fsck kan díìsìkì àtijọ́. Orí ẹ̀dà ni kí wọ́n mọ sí.

Pé fáìlì ṣí kò túmọ̀ sí pé ó pé. Ẹ pe akápò. Ẹ ní kí ó mú káàdì ogún ọmọ ẹgbẹ́ wá, kí ẹ fi wé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì mú lára àwọn tó dá owó gbẹ̀yìn kí omi tó dé. Ibẹ̀ ni àléébù máa ń farapamọ́ sí, torí ohun tí sáfà ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná kú lè má tíì dé orí díìsìkì.

Nígbà tí ohun gbogbo bá bá ara mu, ẹ fi ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì, kí òmíràn wà ní àdúgbò tí omi yẹn kì í dé. Ẹ má ta sáfà àtijọ́ náà fún àwọn tó ń ra pàǹtírí pẹ̀lú díìsìkì nínú rẹ̀: orúkọ, owó àti àìsàn àwọn ènìyàn ló wà níbẹ̀, Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ẹni ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ti mú yín ní onídùúró fún un. Ẹ fi àwọn díìsìkì náà sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ihò sára rẹ̀, kí ẹ tì wọ́n mọ́ inú àpótí. Nígbà tí ẹ bá ti fi ẹ̀dà tuntun ṣe ìṣirò ọdún kan já, tí aṣàyẹ̀wò owó sì ti fọwọ́ sí i, ni kí ẹ tó gún wọn ní ihò.